Bárékè márùn-ún ní ìlú kan: ìdáhùn sí ìbéèrè tó wá láti Kútọnu

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, iṣẹ́ yíyọ ẹrù ni mò ń ṣe ní wọ́ọ̀fù Kútọnu. Àríyànjiyàn ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá mi ní Jìbútì kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin Bẹ̀nẹ̀, kò ní epo, kò ní oko, síbẹ̀ Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Faransé, Japan àti Ítálì ń sanwó ilẹ̀ fún un torí pé ó gba ṣọ́jà wọn láyè. Ó ní èbúté làwa náà ní, kí ló dé tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ní títa ìlú ni. Mo ní lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà bá kọjú ìjà síra wọn, orí ará Jìbútì ni wọn yóò ti jà á, bí erin méjì bá sì ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń fara gbá a. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọkọ̀ dé ibẹ̀, ta ló jàre nínú wa?"

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ, ẹ sì ti lọ́ wọn mọ́ra. Ọ̀kan ni pé ṣé owó tí àwọn alágbára ayé ń san ló ń bọ́ Jìbútì. Ìkejì ni pé ṣé gbígbà tó gbà wọ́n sílé kò ní kó o sínú ogun tí kì í ṣe tirẹ̀. Owó ni ọ̀gá rẹ ń wò, ewu ni ìwọ ń wò, èyí tó sì ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin méjèèjì kò dárúkọ rẹ̀. Ọdún 19 ni mo fi ṣe ẹnjiníà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun, mo sì bá ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Jìbútì nígbà mẹ́fà láàárín 2004 sí 2018. N kò wọ inú bárékè kankan níbẹ̀ rí, yàrá ẹ́ńjìnì ni tèmi. Ohun tí mo fi ojú mi rí àti ohun tí mo ti ń kà nípa ìlú náà láti ìgbà yẹn ni n ó fi dá ọ lóhùn.

Ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ pé wọ́n ta ìlú. Kò sí ẹni tó ta ilẹ̀. Háyà ni, àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ wà nínú ìwé. Faransé tilẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, torí àwọn kò dé ibẹ̀ bí ayálégbé rárá. Àwọn ló ń jọba lórí ilẹ̀ náà títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1977 tí Jìbútì gba òmìnira. Nígbà tí àsíá wọn sọ̀kalẹ̀, àwọn ṣọ́jà wọn kò bá a lọ. Bíi 1,500 ló ṣì wà níbẹ̀, àdéhùn wọn sì tún di ọ̀tun ní oṣù keje 2024. Amẹ́ríkà wọlé lẹ́yìn ìkọlù New York àti Washington ní 2001. Ibùdó kan tí ọmọ ogun Faransé ti lò rí, Camp Lemonnier, ni wọ́n gbà, ó sì fara ti pápákọ̀ òfurufú Ambouli débi pé ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ogun fi ń gbéra. Ènìyàn bíi 4,000 ló ń gbé inú rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ owó ilẹ̀ wọn di bíi 63 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Japan kọ́ tiwọn ní 2011, àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní nílẹ̀ òkèèrè láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ítálì dé ní 2013. Ṣáínà ṣí tiwọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2017, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Doraleh, àwọn náà kò sì ní irú rẹ̀ níbòmíràn lókèèrè ṣáájú ìgbà yẹn. Bíi 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún ni ìròyìn gbé pé wọ́n ń san.

Wá bá mi ṣírò owó náà. Ká tilẹ̀ gbà pé gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ tó 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Bíi mílíọ̀nù kan ni gbogbo ará Jìbútì. Tí wọ́n bá pín in lórí pín in lórí, owó tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó dọ́là kan lóòjọ́. Owó ni o, ìjọba tó rí i kò ní jù ú nù. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé ìlú náà ró.

Ẹtiópíà ló ń gbé e ró. Ibi tí ọ̀gá rẹ kò wò nìyẹn, ó sì yẹ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rí i, nítorí iṣẹ́ yín ni. Nígbà tí Ẹritiríà gba òmìnira ní 1993, gbogbo etíkun Ẹtiópíà bá a lọ. Wọ́n ṣì ń lo èbúté Assab ti Ẹritiríà títí ogun fi dé láàárín àwọn méjèèjì ní 1998, ni ẹnu ibodè bá tì. Láti ìgbà náà, ìlú tí èrò inú rẹ̀ ti lé ní 120 mílíọ̀nù ń gba ohun tó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà náà sì ni Jìbútì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, ọkà wíìtì la kó, ó wà lódindi nínú ọkọ̀, kò sí nínú àpò. Kéréènì ń fi ọwọ́ irin bù ú sínú àrọ ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí etí omi, àwọn ọmọkùnrin sì dúró sábẹ́ àrọ náà, wọ́n ń gbé ẹnu àpò sí i, ẹlòmíràn ń rán an, ẹlòmíràn ń gbé e sí èjìká. Eruku ọkà bò wọ́n títí dé ìpéǹpéjú, bí ẹni tó wẹ̀ nínú èlùbọ́. Ọkọ̀ tírélà tó ń gbé e kò ní nọ́ḿbà Jìbútì lára, ti Ẹtiópíà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tò láti ẹnu wọ́ọ̀fù dé ibi tí ojú mi kò lè tó mọ́, àwọn awakọ̀ sì na ẹní sábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sùn nínú òjìji rẹ̀ torí oòrùn ibẹ̀ kò ṣeé bá ṣeré. Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà yá wọn lówó ojú irin tó lọ láti Addis Ababa dé etíkun, bíi 750 kìlómítà. Wọ́n ṣí i ní 2016, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù fún owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018. Bí gbogbo ṣọ́jà òkèèrè bá kó lọ lọ́la, Jìbútì yóò fún ìgbànú mọ́ra, yóò sì là á já. Bí Ẹtiópíà bá yí ojú ẹrù rẹ̀ sí ibòmíràn, ebi ni. Ìdí nìyẹn tí ara Jìbútì kò fi balẹ̀ nígbà tí Ẹtiópíà fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Somaliland, ilẹ̀ tó ya ara rẹ̀ kúrò lára Sòmálíà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 láti wá ọ̀nà mìíràn sí òkun.

Ìwọ náà mọ irú rẹ̀ nílé. Ohun tí Ẹtiópíà jẹ́ sí Jìbútì ni Niger jẹ́ sí Kútọnu. Láti oṣù keje 2023 tí ìjọba ológun ti gorí àlééfà ní Niamey, tí ibodè sì tì, o ti rí ibi tí ẹrù wọn gbà. Lomé ni. N kò ní láti kọ́ ẹni tó ń yọ ẹrù ní bí àwọn ọ́fíìsì ṣe dákẹ́ nígbà náà.

Kí wá ni àwọn alágbára ayé ń wá ní ilẹ̀ olóòrùn tí kò ní odò? Ọ̀nà ni. Láàárín Jìbútì àti Yẹ́mẹ̀nì, òkun náà fún pinpin. Bab el-Mandeb ni orúkọ ibẹ̀, Ẹnu Ọ̀nà Omijé ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti fún jù kò sì ju bíi 30 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti Ṣáínà tàbí Íńdíà lọ sí Yúróòpù, tó fẹ́ gba ọ̀nà omi Suez tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì, ibẹ̀ ni yóò gbà, àfi tó bá fẹ́ yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà po. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Aden ní òdìkejì omi ní 1839. Faransé ra Obock, etíkun kan ní Jìbútì òde òní, lọ́wọ́ àwọn olórí ẹ̀yà Afar ní 1862, ọdún méje kí wọ́n tó ṣí Suez ní 1869. Ìyẹn ni pé ìdíje àwọn alágbára ti débẹ̀ kí ìlú tí à ń pè ní Jìbútì tó ní orúkọ. Nígbà tí ọmọ ìgbà yìí bá sọ pé Ṣáínà ló gbé ìdíje wá síbẹ̀, ìtàn náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó kó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan náà láyé tiwa ni àwọn ajalèlókun Sòmálíà. Ojú tèmi rí i. Ní 2009, ọkọ̀ wa ń kó ìrẹsì bọ̀ láti Íńdíà. Kí a tó wọ Òkun Aden, a fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí etí ọkọ̀ ká, a so páìpù omi paná mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì jẹ́ kí omi máa tú jáde tọ̀sán tòru kí àkàbà wọn má baà lè dì í mú. A kó omi mímu àti bisikíìtì sínú yàrá ẹ́ńjìnì, torí ibẹ̀ la máa sá sí bí wọ́n bá gùn wá, ká ti ilẹ̀kùn irin mọ́ ara wa. Oorun kò kun ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gòkè wá gba afẹ́fẹ́, mo rí ọkọ̀ ogun Ṣáínà kan lápá ọ̀tún wa, ọkọ̀ akẹ́rù bíi mẹ́jọ tò tẹ̀ lé e bí ọmọ tòlótòló. Ọkọ̀ ogun Faransé wà lọ́ọ̀ọ́kán. Omijé bọ́ lójú mi. N kò béèrè ìlú tí wọ́n ti wá tàbí ohun tí wọ́n ń wá, mo kàn dúpẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo sọ èyí fún ọ kí o lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó ń bú ṣọ́jà òkèèrè láìnídìí. Wọ́n ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀mí mi là.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun kì í jẹ afẹ́fẹ́. Ó ń jẹ epo, ó ń mu omi, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ ibi tí wọ́n máa sùn sí, dókítà tó máa wò wọ́n, ibi tí wọ́n ti máa tún ẹ́ńjìnì ṣe. Ẹni tó bá ń ti Ṣáínà tàbí Japan wá ṣọ́ òkun yẹn fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà kò ní pẹ́ kó tó rí i pé ó sàn kí òun ní ilé nítòsí. Ní 2015 tí ogun bẹ́ ní Yẹ́mẹ̀nì, ọkọ̀ ogun Ṣáínà lọ kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ìlú wọn jáde, Jìbútì ni wọ́n sì kó wọn gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí bárékè. Àwọn ajalèlókun ti rọlẹ̀ nígbà yẹn, àwọn tó wá lé wọn kò sì padà sílé. Àlejò tó bá ti kọ́ ilé kì í ṣe àlejò mọ́.

Ìdí tí Jìbútì fi gbà wọ́n kò sì parí sí owó. Wo ibi tí Ọlọ́run gbé e sí: Ẹtiópíà níhìn-ín, Ẹritiríà lókè, Sòmálíà nísàlẹ̀. Nígbà tó gba òmìnira ní 1977, àwọn ọmọ Sòmálí àti àwọn Afar ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Ẹtiópíà àti Sòmálíà sì ń múra ogun lórí ilẹ̀ Ogaden lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀rù tó bá wọn ni pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè gbé wọn mì. Ṣọ́jà Faransé tó dúró síbẹ̀ ló jẹ́ odi. Ní 2008, ọmọ ogun Ẹritiríà bá tiwọn jà ní Ras Doumeira lójú ààlà, ọ̀rọ̀ náà sì tún fi hàn wọ́n pé orílẹ̀-èdè wọn kéré. Bí o bá wá fi ààbò rẹ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀gá rẹ ni ẹni náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn alákòóso Jìbútì mọ èyí dáadáa, wọ́n fi Amẹ́ríkà kún Faransé, wọ́n fi Japan àti Ítálì kún un, wọ́n wá mú Ṣáínà wọlé kí àwọn àkọ́kọ́ má baà rò pé ilé bàbá wọn ni. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ìlú kékeré tó wà láàárín àwọn ńlá tí kò bá lo ọgbọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa.

Ọgbọ́n náà ní ìbòòji, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ sì ní ìdí. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, àwọn tí a ń wí yìí kì í sì í ṣe bàbá àti ọmọ. Láti Camp Lemonnier dé bárékè Ṣáínà kò ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 2018, Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Ṣáínà pé wọ́n tan iná lésà sí ojú àwọn awakọ̀ òfurufú wọn, pé méjì farapa lójú. Ṣáínà ní irọ́ ni. Báyìí ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, wọ́n ń tẹ́tí sí ara wọn, wọ́n sì ń ra nǹkan ní ọjà kan náà. Ṣé wọ́n á torí Jìbútì jagun? Lójú tèmi, rárá. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, ibi tó jìnnà sí Áfíríkà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo bárékè wọn nílé ayé yóò sì di ohun tí ọ̀tá lè fojú sùn. Ewu náà wà, kò sì sí ìgbà tí ará Jìbútì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí. Èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní tòótọ́ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì sún mọ́ wọn jù ú lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2014, àwọn méjì tó di àdó olóró mọ́ra wọ ilé oúnjẹ kan tí àwọn òyìnbó ń lọ láàárín ìlú, wọ́n pa ẹnì kan, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Sòmálíà, ní àwọn ni, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀: àwọn ṣọ́jà òkèèrè tí Jìbútì gbà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀, tí Amẹ́ríkà ń fi lọ sí Yẹ́mẹ̀nì àti Sòmálíà, ṣe ń já lulẹ̀ nítòsí ìlú, títí wọ́n fi kó wọn lọ sí pápá Chabelley ní 2013. Nígbà tí àwọn Houthi, ọlọ̀tẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọta sí ọkọ̀ nínú Òkun Pupa ní oṣù kọkànlá 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo bárékè tó wà ní ẹnu ọ̀nà náà kò sì lè dá wọn padà síbẹ̀.

Mo ní ohun kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì kò dárúkọ. Ta ló ń rí ìwé àdéhùn náà? Ta ló ń ná owó rẹ̀? Ìgbà ìkẹyìn tí mo dé Jìbútì, ní 2018, mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo kọ́ ní Kútọnu bẹ awakọ̀ táksì kan kó gbé mi dé Balbala, àdúgbò ńlá tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé lẹ́yìn ìlú. Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí káàtì, ewé tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu kí ara wọn lè yá, ń dé láti Ẹtiópíà, tí iṣẹ́ gbogbo ń dúró. Àwọn obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fi àpò tútù bo ewé náà kó má baà rọ. Nínú òpópónà tó tẹ̀ lé e, páànù tí ìpata ti jẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tò sílẹ̀ fún omi, àwọn ọmọdé jókòó tì wọ́n. Ọkọ̀ òfurufú ológun ńlá kan kọjá lókè wa, ilẹ̀ mì, kò sí ọmọ kankan tó gbójú sókè. Awakọ̀ náà sọ fún mi pé àbúrò òun ń fọ abọ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn bárékè náà, pé ẹni tó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ríṣẹ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kù jókòó sílé. Mo ti gbé inú ọkọ̀ tó ń já ọrọ̀ Ẹtiópíà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀fù wọn, mo ti rí iná bárékè tó ń mọ́lẹ̀ rekete lóru, ṣùgbọ́n òpópónà yẹn ni mo ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé Jìbútì rí ṣe.

Ẹni kan náà, Ismaïl Omar Guelleh, ló ń ṣe ààrẹ láti 1999. Ní 2010 wọ́n yí òfin padà kó lè kọjá sáà méjì, ní 2021 ó wọlé lẹ́ẹ̀karùn-ún. Amẹ́ríkà àti Faransé tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ìjọba àwa-ara-wa níbi gbogbo kì í gbé ohùn sókè níbẹ̀, torí ayálégbé tí ibi tó wà bá wù ú kì í bá onílé ṣe aáwọ̀. Ó ń dùn mí púpọ̀. Ọba tó bá ń rí owó lọ́dọ̀ àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ igbe ará ilé. Gbèsè sì tún wà. Ojú irin, páìpù omi láti Ẹtiópíà, èbúté tuntun ní Doraleh, owó Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú wọn, àjọ IMF sì kìlọ̀ pé láàárín ọdún méjì péré, gbèsè òkèèrè ìjọba náà fò láti ìdajì gbogbo ohun tí ìlú ń pa wọlé lọ́dún dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí onílé bá jẹ ayálégbé ní gbèsè, o mọ̀ pé ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. N kò sọ pé kò lágbára rárá o. Ní oṣù kejì 2018, wọ́n gba èbúté kọ̀ńténà Doraleh lọ́wọ́ DP World ti Dubai, tí àdéhùn ọdún 30 rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, wọ́n ní kò ṣe ìlú láǹfààní. Bóyá òótọ́ ni. Àwọn adájọ́ ní London dá ẹjọ́ fún DP World, 385 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ní kí Jìbútì san.

Nípa tiwa, ọ̀gá rẹ lè má mọ̀ pé Nàìjíríà ti tọ́ ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, àdéhùn ààbò kan wà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú ogun wọn máa lo ilẹ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn lọ fi ẹ̀hónú hàn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbógun tì í, ní oṣù kìíní 1962 ìjọba Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì sì fa ìwé náà ya. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yẹn ni pé ìwé náà wà ní gbangba, àwọn aṣòfin jiyàn lé e lórí, ọmọ ilé-ìwé kà á, ó sì bínú. Èyí ni kò sí ní Jìbútì.

Ti Bẹ̀nẹ̀ tún wá le ju ti Nàìjíríà lọ, ibí sì ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ pátápátá. Ẹtiópíà kò bínú sí bárékè tó wà ní Jìbútì, kò dí ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Niger ńkọ́? Ìjọba ológun ibẹ̀ lé ọmọ ogun Faransé lọ ní ìparí 2023, Amẹ́ríkà náà kó jáde ní 2024. Ìjọba ológun náà tún ń sọ pé Faransé ní bárékè ìkọ̀kọ̀ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sẹ́ ẹ léraléra, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ìdí tí Niamey ń gbé sílẹ̀ tí ibodè fi tì, páìpù epo tó wá láti Agadem ní Niger dé Sèmè, tó gùn tó bíi 2,000 kìlómítà, náà sì kó sínú aáwọ̀ yẹn ní 2024. Àhesọ lásán nìyẹn o, kò tíì sí bárékè. Bí Kútọnu bá wá háyà ilẹ̀ fún wọn ní tòótọ́ ńkọ́? Owó ilẹ̀ tí wọ́n máa gbà kò ní tó owó ẹrù tí wọ́n máa pàdánù, kò sì ní sún mọ́ ọn.

Bí ó bá jẹ́ ààbò lójú omi ló ń jẹ ọ̀gá rẹ lọ́kàn, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ìrántí 2011 kò sì jìnnà. Àwọn ajalèlókun ya bo omi Kútọnu lọ́dún yẹn, àwọn oníṣòwò ìbánigbófò fi ibẹ̀ sínú àwọn omi eléwu, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Mo wà nínú ọ̀kan tí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà. Ṣọ́jà òkèèrè kọ́ ni Bẹ̀nẹ̀ gbé wá. Nàìjíríà ni wọ́n ké sí, ní oṣù kẹsàn-án 2011 ọkọ̀ ogun ìlú méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi náà pọ̀. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbèsè tirẹ̀, aládùúgbò ńlá máa ń rántí oore tó ṣe. Síbẹ̀, iṣẹ́ tán, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n padà sí Èkó, kò sí odi tí wọ́n mọ sẹ́yìn.

Nítorí náà, ìwọ ni o sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ta ìlú, ogun erin tí o ń bẹ̀rù kò sì tíì dé. Bí o bá padà dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, má bá ọ̀gá rẹ jiyàn lórí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà mọ́. Mú ìwé àkọsílẹ̀ yín sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ jọ ka iye tírélà Niger tó wọ páàkì yín ní oṣù kẹfà 2023, kí ẹ sì ka iye tó wọlé lóṣù tó kọjá.